Ẹ̀wù Ọ̀dà Mẹ́sàn-án

Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀,
mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó fò sókè, ó wálẹ̀, ó tún fò,
ó tún fò, bí ọmọ ewúrẹ́ tí okùn já lọ́rùn rẹ̀.
Idwal ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó fò.
Ó ní, "Eluned, ṣọ́ọ̀kì yìí ti kú.
Ó ti pẹ́ tó ti kú. Ẹ̀yin lẹ ò tíì sin ín."

Mo wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ́nà Llandovery fún ọdún mẹ́rìnlélógún.
Mo mọ kòtò ibẹ̀ bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi,
èyí tó ṣófo, èyí tó ń dùn mí.
Ọkọ̀ pupa yìí, oníjókòó méjì, aláṣọ lórí,
Gwilym ló fi í sílẹ̀ fún mi,
òun àti gbèsè iná.

Mo wá ṣọ́ọ̀kì kiri.
Èyí tó ti Holland wá ń dán bí ṣíbí ìgbéyàwó:
irinwó pọ́ùn fún méjì, tẹ̀yìn nìkan o.
Ọmọkùnrin orí fóònù ní àwọn tó ń sáré ìdíje ló ń lò ó,
pé ó le bí òkúta.
Mo ní, ọmọ mi, egungun ìbàdí tí wọ́n fi sí mi ní Carmarthen,
òun náà le bí òkúta.
Òkúta méjì kò ní bá ara wọn gbé nínú ọkọ̀ kan.

Pọ́ọ́kú kan tún wà, ọgọ́rin pọ́ùn,
tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fèrè,
ṣùgbọ́n a ó lu ihò tuntun sára irin kí ó tó lè wọlé.
Ihò!
Irin tí ìpẹtà ń jẹ lálaalẹ́, tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun,
kí n tún wá bá a gé ẹran sí i lẹ́nu?

Bówó bá ṣe mọ loògùn ń mọ.
Tèmi mọ sínú agolo tíì kan:
pọ́ùn mọ́kàndínláàádọ́fà
àti bọ́tìnnì kan tí n kò mọ aṣọ tó já kúrò lára rẹ̀.

Idwal ní, "Jẹ́ ká tún ti àtijọ́ ṣe.
Rọ́bà tuntun, òróró tuntun. Pọ́ùn márùndínlógójì lẹ́yọ kan."
Ó tú wọn, ó gbé wọn lé ìwé ìròyìn,
ó fi ìka kan ṣoṣo ti apá rẹ̀,
apá náà lọ, ó bọ̀, bí ilẹ̀kùn ilé ahoro.
Kò sí ẹ̀kán òróró kan nínú rẹ̀.

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha ọ̀dà ara rẹ̀.
Dúdú.
Lábẹ́ dúdú, dúdú.
Ó ń kà á bí ẹni ka òrùka inú igi tí wọ́n gé:
ẹ̀wù mẹ́sàn-án.

Ọdọọdún, lóṣù Kẹrin, Gwilym á ti gáréèjì jáde,
ọwọ́ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́,
á ní, "Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì,"
èmi á sì ka owó ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́.

Mo bi Idwal pé ibo lowó náà gbà.
Ó ń wo bàtà rẹ̀.
Mo rí i pé ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀ náà wà lára ọ̀nà tó gbà.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú.
Nígbà tí mo dákẹ́,
owó iṣẹ́ ti di ogún pọ́ùn lẹ́yọ kan,
kò sì sẹ́ni tó ná an.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wà á lọ sí Aberaeron, létí òkun.
Ní kòtò ẹ̀gbẹ́ afárá, ibi tí àwọn ọmọ máa ń kígbe,
ọkọ̀ náà gbé kòtò mì bí ẹni gbé oògùn mì:
kò dùn mọ́ ọn,
ṣùgbọ́n kò pọ̀ ọ́.
Ti apá òsì ṣì ń mí kanlẹ̀ díẹ̀.

Mo ti sọ fún Idwal pé kó má kun wọ́n.
Kí wọ́n wà níhòòhò bẹ́ẹ̀,
kí n lè tètè rí i
lọ́jọ́ tí òróró bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun lójú wọn.